Ọwọ́ Tó Pa Iná Àgbàdo Tíṣà

Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin péré ni ẹ̀gbọ́n mi fi jù mí lọ, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má bínú bí mi ò bá fi "wọ́n" pè é nínú ọ̀rọ̀ yìí. Láti kékeré ló ti ń bá mi jà pé kí n máa bọ̀wọ̀ fún òun. Mo ti sọ fún un pé ọjọ́ tó bá fi ọdún méjì jù mí lọ ni màá bẹ̀rẹ̀.

Ilé ìdáná ọsibítù ló ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Kì í ṣe òun ló ń se oúnjẹ. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kí ìkòkò kankan tó kúrò níbẹ̀ lọ bá àwọn aláìsàn, òun ni yóò ki ọ̀pá irin tín-ín-rín kan bọ̀ ọ́ láàárín, tí yóò wo iye ooru tó wà nínú oúnjẹ náà, tí yóò sì kọ ọ́ sínú ìwé. Bí ooru bá pé, ìkòkò á lọ. Bí kò bá pé, ìkòkò á padà sórí iná, ì báà jẹ́ pé dókítà àgbà fúnra rẹ̀ ló ń dúró de ọbẹ̀. Ìyá Òṣùwọ̀n ni àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń pè é. Wọ́n ní bó bá fẹ́ mu tíì, àfi kó kọ́kọ́ kọ ooru rẹ̀ sílẹ̀. Wọn ò kúkú parọ́ mọ́ ọn púpọ̀. Mo ti rí i tó ki ọ̀pá yẹn bọ adìẹ tí mo yan nílé mi, lójú àwọn àlejò mi, mi ò sì bá a sọ̀rọ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan.

Ní ọdún kan, ó gbàgbé láti wọn ooru ìkòkò ọbẹ̀ adìẹ kan, ọbẹ̀ náà sì ti dé wọ́ọ̀dù kó tó rántí. Kò sẹ́ni tí inú run. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi mú gègé, ó kọ ọ́ sínú ìwé pé, "Eléyìí, mi ò wọ̀n ọ́n. Mo gbàgbé ni." Wọ́n fún un ní ìwé ìkìlọ̀, ìgbéga tó ti ń retí ọdún yẹn sì fò ó dá. Nígbà tó sọ fún mi, mo ní òmùgọ̀ ni. Ó ní bí òun bá kọ irọ́ sí ìlà kan, ta ló máa gba àwọn ìlà yòókù gbọ́? Mo ní ta ló ń kà á? Ó ní òun ń kà á.

Ìwà kejì tí iṣẹ́ yẹn kọ́ ọ ni súìsì pípa. Ààrò oníná kan jó níbẹ̀ nígbà kan rí, ọpẹ́lọpẹ́ pé ọ̀sán ni. Láti ìgbà náà ni ọ̀gá wọn ti ṣòfin pé ẹni tó bá jáde kẹ́yìn nínú yàrá kan gbọ́dọ̀ pa gbogbo súìsì tó wà lára ògiri. Ẹ̀gbọ́n mi ti ṣe é títí ó fi mọ́ ọn lára. Bó bá ti ń jáde nínú yàrá, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ á ti máa gbá àwọn súìsì ara ògiri pa, kò sì ní wo ibẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti pa fíríìjì mi. Nígbà kẹta, ẹja tó jẹrà nínú rẹ̀ ló jẹ́ kí n mọ̀.

Ẹni kan ṣoṣo ló bí, obìnrin. Ọmọ náà fẹ́ ọkọ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ọmọkùnrin dáadáa tó ń tún aago ṣe. Ìyá ọkọ rẹ̀ la ń pè ní Tíṣà, nítorí wọ́n kọ́ ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún márùndínlógójì, ohùn wọn sì ṣì dà bíi pé ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Èèyàn gidi ni wọ́n. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé oúnjẹ kan náà ni Tíṣà àti ẹ̀gbọ́n mi máa ń gbé wá síbi ìpàdé ẹbí: àgbàdo tí wọ́n fi mílíìkì àti bọ́tà sè títí tó fi ki.

Ìkòkò onísùúrù ni àwọn méjèèjì fi ń sè é. Ẹ ti mọ̀ ọ́n, ìkòkò kan tó ń jókòó sínú ilé onírin, tó ń lo iná mànàmáná, tí ohun tó wà nínú rẹ̀ á máa jinná díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Bí ìpàdé bá ku ọ̀la ni ẹ̀gbọ́n mi á ti gé àgbàdo tútù kúrò lára ṣùkù. Ogún ṣùkù ni, kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ran òun lọ́wọ́. Bó bá gé e tán, á yí ọ̀bẹ padà, á fi ẹ̀yìn rẹ̀ ha ṣùkù kí omi funfun tó ṣẹ́kù síbẹ̀ lè jáde. Ó ní ibẹ̀ ni adùn wà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, á da gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò, á bu bọ́tà sí i, á gé wàràkàṣì rírọ̀ lé e, á da mílíìkì tó ki sí i, á bu iyọ̀ àti ata dúdú díẹ̀. Á dé e. Wákàtí mẹ́rin lórí iná kékeré. Ẹni tó bá ṣí ìdérí wò ó láàárín wákàtí mẹ́rin yẹn ti di ọ̀tá rẹ̀, torí ó ní ooru tó bá jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó máa ń tó ìdajì wákàtí kó tó padà. Bó bá jinná, á máa dán, bí o bá sì ki ṣíbí bọ̀ ọ́, ṣíbí náà á kọ́kọ́ ronú kó tó ṣubú.

Tíṣà ń fi ṣúgà sí tiwọn. Ẹ̀gbọ́n mi ní àgbàdo ti dùn láti oko, kí ni ṣúgà ń wá níbẹ̀? Tíṣà ní àgbàdo tí kò ní ṣúgà, oúnjẹ aláìsàn ni. Wọn ò sọ ọ́ síra wọn lójú o. Ọmọ wa ni wọ́n ń sọ ọ́ fún, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bó sì ṣe rí ní gbogbo ìpàdé nìyẹn: ìkòkò méjì lórí tábìlì, ìyá méjì ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo èyí tó kọ́kọ́ ń tán. Ọmọ náà á bu ṣíbí méjì nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, á sì rí i dájú pé méjèèjì tán nínú àwo òun lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wo ìyà tí ń jẹ ọmọ olọ́mọ.

Ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, bàbá ọkọ ọmọ wa ló fẹ̀yìn tì. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi wa ọkọ̀ ojú irin. Wọ́n gba gbọ̀ngàn kan lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́, wọ́n pe ẹbí, wọ́n pe àwọn awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ wọn. Ọmọ wa ti lóyún oṣù mẹ́fà nígbà náà. Ìyá bàbá náà fúnra wọn, arúgbó àádọ́rùn-ún ọdún, wà níbẹ̀ lórí àga oníkẹ̀kẹ́.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la kọ́kọ́ dé. Ilé ìdáná gbọ̀ngàn náà kéré, sọ́kẹ́ẹ̀tì méjì péré ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan wà fún ohun tí wọ́n fi ń se omi tíì, ẹ̀gbọ́n mi sì gbé ìkòkò tirẹ̀ sí ibi èkejì. Nígbà tí Tíṣà dé ní aago mẹ́sàn-án pẹ̀lú ìkòkò tiwọn, tó ti jinná láti ilé, tó ṣì ń yọ èéfín, kò sí àyè mọ́. Wọ́n ní kò burú. Wọ́n gbé e lọ sí sítọ̀ tí wọ́n ń kó àga sí, wọ́n ki wáyà rẹ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri níbẹ̀ kó lè máa gbóná títí a ó fi jẹun.

Láìpẹ́ sígbà náà, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi wọ sítọ̀ lọ kó àga. A kó o ní mẹ́rin-mẹ́rin. Nígbà tá a kó èyí tó kẹ́yìn, èmi ni mo ṣáájú, òun ń bọ̀ lẹ́yìn mi, mo sì gbọ́ bí súìsì ṣe ń dún, kàá, kàá, kàá. Mi ò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Ariwo yẹn ti mọ́ mi létí.

Aago méjìlá ló yẹ ká jẹun. Àmọ́ ẹ má fún awakọ̀ ojú irin láyè àtisọ̀rọ̀ o. Ọ̀rọ̀ wọn kì í fo ibùdókọ̀ kan. Ẹnì kan á dìde, á bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí òun àti bàbá náà kọ́kọ́ pàdé, bó bá sì jókòó, òmíràn á ní òun náà ní ohun díẹ̀ láti fi kún un. Aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ pé ká lọ wo oúnjẹ. Ọ̀pá rẹ̀ wà nínú báàgì rẹ̀. Ìgbà wo ni kì í sí níbẹ̀?

Ó ki í bọ tirẹ̀ ní ilé ìdáná. Dígíríì mẹ́rìnléláàádọ́rin. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní ká wo ti Tíṣà náà, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe inú rere nìkan ló ń gbé e lọ. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá tirẹ̀ gbóná jù.

Sítọ̀ ṣókùnkùn. Ó tan iná, ó ṣí ìdérí, ó ki ọ̀pá bọ̀ ọ́. Ó wò ó, ó yọ ọ́, ó nù ún, ó tún ki í bọ ibòmíràn. Mẹ́rìndínlógójì. Ó gbé ọwọ́ lé ara ìkòkò náà, ó sì wo ògiri, níbi tí súìsì sọ́kẹ́ẹ̀tì ti wà ní pípa. Ẹ̀yìn ìyẹn ló wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀.

"Èmi ni," ó ní.

"Ìwọ kí ni?"

"Èmi ni mo pa á. Nígbà tá a kó àga."

Mo tẹ súìsì náà padà kíá. Ó na ọwọ́, ó pa á.

"Má wulẹ̀ tàn án. Ó ti tó wákàtí mẹ́ta àbọ̀ báyìí tí mílíìkì yìí ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bá a bá tiẹ̀ sè é tó hó, kòkòrò inú ẹ̀ lè kú, àmọ́ oró tó ti tu sílẹ̀ ò ní kú. Dída nù ni."

Mo ní àgbàdo náà ò rùn. Ó ní kì í rùn. Mo ní èèyàn mélòó ló ti jẹ irú ẹ̀ tí nǹkan kan ò ṣe. Ó ní ọmọ òun á bu ṣíbí méjì nínú ẹ̀, toyún-toyún, arúgbó yẹn náà á sì jẹ ẹ́. Ohun tó sọ mọ́gbọ́n dání, ara mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, torí mo ti rí ohun tó ń bọ̀. Nínú gbogbo obìnrin tó wà láyé, obìnrin kan ṣoṣo tí kò gbọdọ̀ pa iná ìkòkò Tíṣà ni ẹ̀gbọ́n mi. Ta ló máa gbà pé èèṣì ni? Ilé Tíṣà ni ọmọ wa ń gbé. Ibẹ̀ ni yóò bímọ sí.

"Gbọ́," mo ní, "sọ pé sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn ò ṣiṣẹ́. Ta ló máa yẹ̀ ẹ́ wò?"

"Ó ń ṣiṣẹ́."

"Ó dáa, jẹ́ kí n gbé e, kí n kọsẹ̀. Màá dà á sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Èmi ni wọ́n á bínú sí, wọ́n á gbàgbé tó bá di ọ̀la."

Ó ronú sí ìyẹn díẹ̀, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó wo ìkòkò, ó wò mí.

"Rárá," ó ní. "Wọ́n á ní èmi ni mo rán ọ."

"Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo ti sọ tèmi. Ọmọ ẹ ni wọ́n máa fi ọ̀rọ̀ yìí gún lójú o, kì í ṣe ìwọ."

"Lọ bá mi pe Tíṣà," ó ní.

Mo lọ pè wọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi ò jẹ́ kí wọ́n jókòó kó tó sọ ọ́. Ó sọ aago tó pa iná, ó sọ bó ṣe pa á, ó sọ iye ooru tó bá níbẹ̀. Ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ màmá, ẹ má bínú." Tíṣà wo àgbàdo wọn tó ti ń di awọ lójú, wọ́n wo ẹ̀gbọ́n mi nílẹ̀, ojú wọn ò sì rẹ́rìn-ín rárá.

"Aago mẹ́rin ni mo jí sè é," wọ́n ní.

Wọ́n dé ìdérí ìkòkò náà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn láti gbé e. Ó wúwo jù wọ́n lọ. Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó di etí kan mú, Tíṣà di èkejì, wọ́n jọ gbé e gba ẹ̀yìnkùlé lọ síbi tí garawa ìdọ̀tí wà. Mo ṣí garawa fún wọn. Gbogbo àgbàdo náà jáde lẹ́ẹ̀kan, ó ń fà, ó ń ta sánsán bíi bọ́tà, kò sí ohun tó burú lójú rẹ̀.

Nígbà tí oúnjẹ dé orí tábìlì, gbogbo èèyàn tò. Àbúrò ọkọ Tíṣà kan wà tí a ń pè ní Rédíò, torí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Òun ló kọ́kọ́ rí i.

"Ìkòkò Tíṣà dà? Ọ̀kan ṣoṣo ni mò ń rí."

"Ó bàjẹ́," ni Tíṣà wí, wọ́n ń to ṣíbí.

"Ti Tíṣà? Ó bàjẹ́?"

"Mo ní ó bàjẹ́. Ẹ jẹun."

Mo mí kanlẹ̀. Mo ní lọ́kàn mi pé Ọlọ́run ló yọ wá. Obìnrin náà ti fi ara wọn bo ọ̀rọ̀ náà, kò kù ju pé ká bu oúnjẹ ká jókòó. Ẹ̀gbọ́n mi gbé àwo tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

"Kò bàjẹ́ lọ́wọ́ wọn," ó ní. Ohùn rẹ̀ ò lọ sókè, ṣùgbọ́n gbogbo wa gbọ́ ọ. "Ó dáa nígbà tí wọ́n gbé e dé. Èmi ni mo pa iná rẹ̀ ní sítọ̀ láàárọ̀. Mi ò mọ̀ pé mo pa á. Bí mo ṣe ń jáde ni ọwọ́ mi ṣe é."

Àwọn awakọ̀ ojú irin pàápàá dákẹ́.

"Ẹ gbọ́ o," ni Rédíò wí. "Súìsì mélòó ló wà nínú ilé yìí? Ti Tíṣà náà lọwọ́ yín wá mọ̀?"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ẹ̀rín yẹn ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ọmọ wa dìde níbi tó jókòó sí, ikùn rẹ̀ ṣáájú, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó wá dúró níwájú ìyá rẹ̀, lójú gbogbo àwọn àna rẹ̀.

"Màámi, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni?"

Ẹ̀gbọ́n mi wo ọmọ rẹ̀, ó sì wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. Mo ti rí i níbi tí wọ́n ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, mo ti rí i lọ́jọ́ tó gba ìwé ìkìlọ̀, mi ò rí i kó wò bẹ́ẹ̀ rí. Èmi ni mo wà níbẹ̀. Èmi ni mo gbọ́ kàá, kàá, kàá yẹn létí ara mi. Gbólóhùn kan péré ni màá sọ, ọ̀rọ̀ á sì parí. Ẹnu mi wúwo. Mo ń rò ó pé bí mo bá sọ pé mo wà ní sítọ̀, wọ́n á bi mí ohun tí mo sọ níbẹ̀, àti ohun tí mo fẹ́ ṣe.

Tíṣà ju ṣíbí sílẹ̀ sórí tábìlì.

"Ìwọ, wá níbí," wọ́n ní, pẹ̀lú ohùn tí wọ́n fi ń bá ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá sọ̀rọ̀. "Ta ni o ń bi nírú ìbéèrè yẹn? Mo ní ó bàjẹ́, ọ̀rọ̀ ti tán. Ìyá ẹ ni kò jẹ́ kó tán. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe nǹkan, ṣé bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn? Inú ń bí mi, inú á sì máa bí mi títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, torí aago mẹ́rin ni mo jí. Àmọ́ kò sẹ́ni tó máa pe obìnrin yìí ní ìkà níwájú mi. Ìwọ náà gbọ́ o, Rédíò. Ìwọ ọmọ mi, bẹ ìyá ẹ."

Ọmọ náà fẹ́ kúnlẹ̀, ìyá rẹ̀ sì dì í mú lápá pé kó má kúnlẹ̀ pẹ̀lú oyún. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn méjèèjì ṣe dúró, ọ̀kan ń lọ sílẹ̀, ọ̀kan ń fà á sókè, tí wọ́n jọ ń sunkún.

Tíṣà gbé ṣíbí padà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bu àgbàdo ẹ̀gbọ́n mi fún àwọn èèyàn, díẹ̀díẹ̀, torí ìkòkò kan ò tó ogójì èèyàn. Wọ́n kọ́kọ́ bù ú fún ìyá ọkọ wọn lórí àga oníkẹ̀kẹ́, wọ́n bu ti ọmọ wa, wọ́n bù ú títí wọ́n fi ha ìsàlẹ̀ ìkòkò. Kò kan Tíṣà fúnra wọn, kò kan ẹ̀gbọ́n mi. Àwọn méjèèjì mú búrẹ́dì àti ẹran, wọ́n lọ jókòó sórí àga méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Mo rí i tí Tíṣà bu ìdajì ẹran tiwọn sínú àwo ẹ̀gbọ́n mi.

Wọ́n bu tèmi. Mo gbé àwo náà jáde, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé, mi ò sì lè jẹ ẹ́. Ojú ń tì mí. Inú ilé kan náà ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi dàgbà sí, èmi nìkan ni mo rí ohun tó ṣẹlẹ̀, àna tó mọ̀ ọ́n fún ọdún mẹ́ta péré ló sì jẹ́rìí sí i.